Ọmọ Tí Ó Sá Lọ sí Aṣálẹ̀ àti Ilẹ̀kùn Tí Ó Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba fún àwọn ará Ibeshe, ní agbègbè Ìkòròdú



Nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, tí ọyẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sórí ọ̀sà wa, gbogbo yín ni ẹ mọ̀ bí eruku ti máa ń bà lé orí òrùlé, lé inú ọkọ̀ àwọn apẹja, àti lé ara aṣọ tí a sá sóòrùn. Ètè a gbẹ, gìgísẹ̀ a là, òdìkejì ọ̀sà a sì fara sin bí ẹni pé èéfín bò ó. Eruku yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Láti aṣálẹ̀ ńlá tí ó wà ní àríwá, tí à ń pè ní Sàhárà, ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá, ó sì ti rin ìrìn tí ó ju 1,000 kìlómítà lọ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́dọọdún ni ilẹ̀ náà ń rán eruku rẹ̀ sí wa. Ó sì ti pẹ́ báyìí tí àwọn ọmọ wa ẹ̀wẹ̀ ti ń lọ bá a níbẹ̀. Eruku a máa dé láìkùnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń padà bọ̀.

Nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo ṣe dìde lónìí: àwọn ọ̀dọ́ tí ó fi ilé sílẹ̀ láìdágbére, tí wọ́n gba Kánò tàbí Sókótó kọjá sí ilẹ̀ Niger, tí wọ́n sì wọ inú aṣálẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé àwọn yóò jáde sí Líbíà, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ la òkun já sí Yúróòpù. Èmi kò dìde láti bú wọn. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ìtìjú ni ó ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, ìtìjú kan náà ni ó sì ń dè wọ́n mọ́ inú ìjìyà nígbà tí ó yẹ kí wọ́n padà, ọwọ́ àwa tí a wà nílé ni a sì ti lè tú okùn náà.

Kí a tó sọ̀rọ̀ aṣálẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìdí òtítọ́ kan múlẹ̀. Ìrìn àjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ohun àjèjì fún Yorùbá. Ìkòròdú yìí, èbúté ni láti ayébáyé. Láti ìlú òkè ni ẹrù ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀ kí ó tó la ọ̀sà já sí Èkó. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Kánò ní ọdún 1912, àwọn ènìyàn wa tẹ̀lé e: àwọn mìíràn gbé obì lọ, àwọn mìíràn di akọ̀wé, àwọn mìíràn di oníṣòwò ní Òkè Ọya. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn rìn títí dé ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, èyí tí ó di Gánà ní ọdún 1957. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó di ẹrù wálé.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí àwọn baba wa wọ̀nnì ti rìn. Ẹni tí ń lọ mọ ẹni tí ó ń lọ bá. Bí ó bá dé Kánò, ó mọ ilé tí yóò wọ̀ sí ní Sabon Gari. Bí ó bá dé Kumasi, àwọn ará ìlú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, wọn a gbà á, wọn a fi iṣẹ́ hàn án, bí ó bá sì ṣàìsàn wọn a tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí a sì lé wọn ní ọdún 1969, ilé wà tí wọ́n lè forí lé. Ohun mẹ́ta ni ó sọ rírìn wọn di ìrìn àjò: ọ̀nà tí a mọ̀, ẹni tí ń dúró dè wọ́n, àti ilé tí wọ́n lè padà sí. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò lè pè é ní ìrìn àjò mọ́, ìsáǹsá ni.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti fún un ní orúkọ: japa ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe pé kí ènìyàn já kúrò, kí ó sì sá lọ pátápátá. Àwọn tí ó ní ìwé nínú wọn a wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọn a lọ ṣe nọ́ọ̀sì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ti wọn kọ́ ni mò ń sọ. Àwọn tí kò ní ìwé, tí kò sì sí ẹni tí yóò fún wọn ní ìwé, ni ó ń gba inú iyanrìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń fi í ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n okùn ni a máa ń sọ pé ó já. Bí okùn bá já nínú kànga, korobá a wà nísàlẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ pọn omi a sì dúró lókè lọ́wọ́ òfìfo. Àwọn méjèèjì ni ó pàdánù.

Nísinsin yìí, irú ilẹ̀ wo ni aṣálẹ̀ yìí? Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 9,000,000 kìlómítà oníhà mẹ́rin. Gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, láti etí òkun títí dé ààlà Niger, jẹ́ 923,768. Èyí ni pé bí a bá to Nàìjíríà mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, aṣálẹ̀ náà yóò gbà wọ́n, àyè yóò sì ṣẹ́ kù. Ní ọ̀sán, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní òru, ní ìgbà ọyẹ́, òtútù a máa mú ènìyàn títí eyín yóò fi máa lu ara wọn.

Apá kan wà nínú rẹ̀, ní ilẹ̀ Niger, tí à ń pè ní Ténéré. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo wà níbẹ̀ rí, tí kò sí igi mìíràn ní àyíká rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà; òun ni àwọn oníràkúnmí fi ń mọ ọ̀nà. Nígbà tí a gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a rí i pé gbòǹgbò igi náà ti wọ ilẹ̀ ju 30 mítà lọ láti wá omi. Ní ọdún 1973 awakọ̀ ẹrù kan fi ọkọ̀ kọ lù ú, ó sì wó. Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará mi. Bí igi tí a dá mọ́ ilẹ̀ náà bá ní láti ju gbòǹgbò rẹ̀ sísàlẹ̀ jìn tó báyìí kí ó tó kan omi, kí ni ọmọ Ibeshe, tí a bí sí etí ọ̀sà, yóò mu níbẹ̀?

Ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wọ aṣálẹ̀ náà ni Agadez. Ìlú àtijọ́ ni, ó sì lẹ́wà. Mọ́ṣáláṣí kan wà níbẹ̀ tí ilé ìṣọ́ rẹ̀, tí a fi amọ̀ kọ́ ní ọdún 1515, ga tó 27 mítà. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníràkúnmí ti ń lọ kó iyọ̀ ní Bilma láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Lónìí ọkọ̀ Hilux ni ó gba ipò ràkúnmí. Ọkọ̀ kan a kó ènìyàn bí 25 tàbí 30 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní etí ọkọ̀ a jókòó, ẹsẹ̀ wọn a máa fì sóde, wọn a sì há igi sáàárín itan wọn kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú. Kẹ́ẹ̀gì omi ni wọn a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yíká. Bí oorun bá gbé ẹnì kan lọ tí ó sì ré bọ́, kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ni ó ń dúró. Láti Agadez sí Dirkou, láti Dirkou sí Madama ní ìtòsí ààlà, títí dé ìlú Sabha ní Líbíà, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ni, bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́. Nǹkan a sì máa bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ohun kan tí ó sọ ikú di púpọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ní ọdún 2015 ìjọba Niger ṣe òfin tí ó ka gbígbé àwọn aṣíkiri gba aṣálẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Láti ọdún 2016 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn awakọ̀, wọ́n sì ń gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ wọn. Àwọn awakọ̀ kò jáwọ́. Ńṣe ni wọ́n yà kúrò ní ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọ̀nà náà ni àwọn kànga wà. Ẹni tí ó bá sá fún ọmọ ogun ti sá fún omi pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ nínú igbó iyanrìn bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọjá. Bí awakọ̀ bá sì rí iná àwọn aṣọ́nà lókèèrè, ó lè já èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì sá lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn ológun tí ó gba ìjọba níbẹ̀ fagi lé òfin náà, àwọn ọkọ̀ sì tún ń jáde ní gbangba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí tan ọmọ yín jẹ. Òfin ni wọ́n fagi lé. Ẹnikẹ́ni kò lè fagi lé òùngbẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ àwọn ọjọ́ díẹ̀ tí ayé kọ sílẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2013, a rí òkú ènìyàn 92 nínú aṣálẹ̀ Niger, ní ìtòsí ààlà Àlgéríà. Ọmọdé ni 52 nínú wọn, obìnrin ni 33, ọkùnrin ni 7. Ọkọ̀ wọn ni ó bàjẹ́, omi sì tán. Ọmọ ilẹ̀ Niger fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kò rí ọgbọ́n ta sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, a rí òkú 34 ní ìtòsí Assamaka, ọmọdé sì ni 20 nínú wọn. Àwọn tí ń kó wọn lọ ni ó já wọn sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ kan tí ó kó àwọn ará Gánà àti Nàìjíríà bàjẹ́ ní ọ̀nà Dirkou. Ènìyàn bí 44 ni òùngbẹ pa, àwọn ìkókó wà nínú wọn, àwọn díẹ̀ tí ó rìn dé abúlé kan ni ó sì wá sọ ìròyìn náà. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí a rí. Ní ọdún 2024 àwọn àjọ àgbáyé sọ pé àwọn gbà pé iye àwọn tí ń kú sínú aṣálẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn tí ń kú sínú òkun. Òkun a máa gbé òkú wá sétí. Iyanrìn a máa bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn tí ó là á já ńkọ́? Ní ìgbà ìjọba Gaddafi, iṣẹ́ wà ní Líbíà, owó sì wà. Síbẹ̀ náà, ní ọdún 2000, àwọn ará ìlú kan dìde sí àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n pa ọ̀pọ̀, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láti ìgbà tí ìjọba náà ti ṣubú ní ọdún 2011, àwọn ẹgbẹ́ olóhun ìjà ni ó pín ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ ń sọ̀rọ̀ àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní asma boys, tí ń mú ènìyàn ní títì, tí ń tì wọ́n mọ́lé, tí ń nà wọ́n, tí wọ́n sì ń pe ilé lórí tẹlifóònù kí ìyá lè gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, kí ó lè wá owó kíákíá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, tẹlifíṣọ̀n CNN fi àwòrán hàn gbogbo ayé níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní gbànjo ní Líbíà. Iye owó ẹnì kan kò ju nǹkan bí dọ́là 400 lọ. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn tí a tà. Ní oṣù kan náà, ní ìlú Salerno ní Ítálì, a sin àwọn ọmọbìnrin 26 láti Nàìjíríà tí òkun gbé mì, nígbà tí ọkọ̀ rọ́bà tí àwọn ọmọ wa ń pè ní lapalapa kò lè gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn, ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Ní ọdún 1822 sí 1823, àwọn òyìnbó mẹ́ta, Oudney, Denham àti Clapperton, gba Tripoli la aṣálẹ̀ náà já wá sí Bọ̀nú. Wọ́n rí egungun ènìyàn lọ jàra lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì pọ̀ jù lọ ní àyíká àwọn kànga. Egungun ẹrú ni, àwọn tí a fi ẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ sí ọjà àríwá. Clapperton yìí kan náà ni ó tún gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1825, tí ó sì la ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Ní ìgbà náà, a fi ẹ̀wọ̀n mú ènìyàn gba ọ̀nà náà. Lónìí, ọmọ wa ń san owó ọkọ̀ kí a lè gbé e gba ibẹ̀ kan náà, a sì ń tà á nígbà tí ó bá dé òpin rẹ̀. Kí ni ó lè mú ọmọ tí a bí ní òmìnira ṣe irú èyí?

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ kì í gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọ aṣálẹ̀. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ọ̀kan kọ́ṣẹ́ alùmọ́ọ̀nì fún ọdún mẹ́rin, ó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ra irinṣẹ́ fún un. Ó padà di ẹni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀kan jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó kọ ìwé wá iṣẹ́ títí ó fi sú u. Ọ̀kan ń wa ọ̀kadà, a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olúkúlùkù wọn bá ti wọlé ní alẹ́, ohùn kan ni ó ń gbọ́: “Ẹgbẹ́ rẹ dà? Ọmọ lágbájá ti kọ́lé fún ìyá rẹ̀.” A kò gbé igi nà án, ṣùgbọ́n ní alaalẹ́ ni a ń nà án. Ní ọjọ́ tí alágbàtà kan bá dé, ẹni tí wọ́n ń pè ní bọ́gà, tí ó sì sọ fún un pé òun mọ ọ̀nà, a ti bá alágbàtà náà ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ti àwọn ọmọbìnrin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ irun dídì tàbí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ń dúró dè wọ́n. A ń mú wọn búra níwájú òrìṣà pé àwọn yóò san gbèsè tí wọn kò mọ iye rẹ̀, a sì ń tì wọ́n sí ilé aṣẹ́wó lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba ilẹ̀ Benin, Ewuare Kejì, pe àwọn oníṣègùn ìlú rẹ̀ jọ, ó sì kéde pé òun tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀, àti pé ègún yóò bá ẹni tí ó bá tún mú ọmọ ènìyàn búra láti fi ṣòwò. Ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú ti ṣe òfin sí i láti ọdún 2003, nígbà tí ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti mú àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò.

Wàyí o, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wúwo sí. Kí ni ó dé tí ọmọ tí ìyà ń jẹ ní Agadez tàbí Sabha kò padà sílé? Òmíràn wà ní túbú, òmíràn kò ní owó ọkọ̀. Èyí hàn gbangba. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wà tí ó lè padà tí kò padà. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ìdílé, tàbí wọ́n ti yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí ìyá wọn ti ta gbogbo ọjà rẹ̀. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn, ojú sì ń tì wọ́n. Òwe kan ni wọ́n sì ń pa fún ara wọn, òwe tí àwa fúnra wa kọ́ wọn: Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí a yẹ òwe yìí wò. Ẹni tí ó ba ìlú jẹ́, ẹni tí ó da ọ̀rẹ́, olórí ogun tí ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn tí ó gbọ́kàn lé e: nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn baba wa ṣe pa á. Wọn kò pa á nítorí ọmọ tí ó lọ wá iṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́. Apẹja tí ó ju àwọ̀n ní gbogbo òru tí kò rí ẹja kan, ṣé ẹ̀sín ni ó ṣe? Ṣé ẹnikẹ́ni ní Ibeshe a máa sọ fún un pé kí ó wà lójú omi kí ìjì pa á, nítorí pé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣófo? Ìyàwó rẹ̀ a gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé omi fún un, ilẹ̀ a sì mọ́ kí ó tún lọ. Èéṣe tí a fi ń ṣe èyí fún apẹja tí a kò sì lè ṣe é fún ọmọ tí ó ti Líbíà bọ̀?

Láti ọdún 2017 sí 2019, ó ju 10,000 ọmọ Nàìjíríà lọ tí àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, IOM, ràn lọ́wọ́ láti ti Líbíà padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́, tàbí láìsí àpò rárá. Àwọn kan nínú wọn kò lọ sílé ní ọjọ́ náà. Wọ́n ń bẹ ní ìgboro Èkó, wọ́n sún mọ́ ilé ju bí wọ́n ti sún mọ́ ọn ní Sabha lọ, wọn kò sì lè kan ilẹ̀kùn. Aṣálẹ̀ ti wọ inú wọn. Àwọn tí ó sì lọ sílé, a fún òmíràn ní orúkọ ẹ̀fẹ̀; àwọn tí ó yá a lówó a dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó wẹ̀. Ṣé ó yà yín lẹ́nu nígbà náà pé àwọn kan nínú wọn tún gba ọ̀nà Kánò lọ lẹ́ẹ̀kejì?

Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́rin lé yín lọ́wọ́.

Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu fún ọmọ rẹ̀, kí ó tó di ọjọ́ ìṣòro: “Ibikíbi tí o bá wà, bí ó ti wù kí ó rí, bí ọwọ́ rẹ bá ṣófo, máa bọ̀ wálé.” Ẹ má ṣe rò pé ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ kò lè gbọ́ ohun tí a kò sọ.

Èkejì, kí a ṣíwọ́ fífi ọmọ wé ọmọ. Ilé tí a fi owó ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ni à ń rí; a kò rí iye ọmọ tí ó ṣègbé lójú ọ̀nà kí ilé kan tó dìde.

Ẹ̀kẹta, kí owó tí a ń tọ́jú fún alágbàtà di owó irinṣẹ́. Ìjọ tí ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó yọ apá kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ̀ọ̀mù: ẹ̀rọ ìránṣọ fún télọ̀, ẹ̀rọ ìjórin fún wẹ́dà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi fún ọmọ apẹja. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Kí a yá a, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnì kan bá padà, kí àgbà méjì nínú ìjọ bá àwọn tí ó jẹ lówó sọ̀rọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ fún àkókò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í léèrè ohun tí ó mú bọ̀. Kí a fún un ní oúnjẹ, kí a jẹ́ kí ó sùn. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo kù láti bá sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ etí ọ̀sà kan nínú yín tí yóò wọ ọkọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ tí kò mọ̀, kí ó má bèèrè bí ọkọ̀ ti rí, bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, àti èbúté tí a ń lọ. Ẹ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà. Ta ni yóò gbà mí níbẹ̀, kí ni orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ nísinsin yìí? Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ta ni ń bọ̀ wá gbé wa? Èló ni gbèsè mi, ta ni mo sì jẹ? Bí ó bá sọ pé kí o má ṣe sọ fún ìyá rẹ, o ti rí ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè náà. Bí o bá sì wà lójú ọ̀nà lónìí, tí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu ẹlòmíràn, mo bẹ̀ ọ́, yí padà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tí ó wà ní ọmọdé, a sì tà á títí ó fi dé Èkó, létí omi wa yìí. Ó di ọdún 1846 kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta: ọdún 25 gbáko. Ìwé tí ó kọ fi hàn pé nígbà tí wọ́n pàdé, wọ́n di ara wọn mú, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìyá kan wà ní Ibeshe yìí lónìí, bóyá ó ju ẹyọ kan lọ, tí ọmọ rẹ̀ wà níbì kan ní àríwá tí kò mọ̀, tí ó sì ń wo tẹlifóònù rẹ̀ lálaalẹ́. Kò retí ilé, kò retí mọ́tò. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà, bí ẹ bá mọ ibi tí ó wà, pé ilẹ̀kùn kò tì.